Mo Bá Ọmọ Mi Wí Láìṣẹ̀

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí èmi jìn sí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó ń sọ ìtàn ìdílé wa nílé wa ní Kétu, ọmọbìnrin mi sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwa tí a kàwé Faransé ń pè ní ordinateur. Ó fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó gbé fáìlì náà fún mi pé kí n kà á fún bàbá àgbà.

Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Kí ni mo rí! Níbi tí ó yẹ kí «ẹ» wà, «áº¹» ni mo rí. Pàǹtí kún ojú ewé. Inú bí mi. Mo pe ọmọ náà, mo ní ó fi iṣẹ́ bàbá àgbà ṣeré. Kò fèsì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí fáìlì kan náà lórí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà jókòó síbi tó yẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni mo gbọ́. Mo bẹ ọmọ mi níwájú bàbá mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú. Nínú ìlànà UTF-8, nọ́ńbà mẹ́ta ló dúró fún «ẹ» kan. Ètò ìkàwé tèmi ń lo ìlànà àtijọ́ ti àwọn èdè Yúróòpù, níbi tí nọ́ńbà kan jẹ́ lẹ́tà kan. Ló bá sọ ẹyọ kan di mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe ba «ɛ» àti «ɔ» tí a fi ń kọ èdè wa ní Benin jẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti fara balẹ̀ yan ètò ìkàwé. Fún fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, Notepad inú Windows tó. Láti ọdún 2019 ni UTF-8 ti jẹ́ ìlànà tó fi ń tọ́jú fáìlì tuntun. Calibre, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní 2006, la fi sọ ìtàn bàbá di ìwé EPUB. Thorium Reader ni mo fi ń kà á: EDRLab ní Paris ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, a sì lè lò ó ní èdè Faransé. Bí kọ̀ǹpútà Windows yín kò bá lágbára, SumatraPDF kéré, ó sì yára.

Fún ojú àgbà, EPUB sàn ju PDF lọ. Bí ẹ bá sọ lẹ́tà EPUB di ńlá, àwọn ìlà yóò tún ara wọn tò. Ti PDF, ojú ewé kì í yí padà. Ẹ ó máa fà á lọ sọ́tùn-ún sósì.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ fi ojú ewé kan ní èdè wa dán an wò. Ṣé àmì ohùn jókòó sórí lẹ́tà? Ṣé ẹ lè pa funfun tó ń ta ojú dà? Ṣé ó ń rántí ibi tí ẹ kà dé?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ lẹ́tà di ńlá, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú bàbá. Ó fúnra rẹ̀ ka orúkọ ìyá rẹ̀ sókè. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi ọmọ mi pé: «Ìwọ lo kọ ọ́ báyìí?»

Ó ní: «Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, bàbá.»

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ kọ́kọ́ yẹ irinṣẹ́ wò.