Ẹni tó fẹ́ẹ́ ra ilé ní Sùúrùlérè, àfi kó ní sùúrù o!

Bí èèyàn bá gbọ́ pé wọ́n ń ta ilé kan lápá Àgùdà tàbí Ìtirẹ̀ ní Sùúrùlérè, tó lọ wò ó, tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó sì sọ iye tó lè san, ohun tí yóò máa rò ni pé ó pẹ́ tán, ọjọ́ kẹta, wọn yóò ní kó máa gbówó bọ̀, tàbí kí wọ́n ní owó ẹ̀ kéré. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ọ̀sẹ̀ kan yóò kọjá, èkejì yóò tẹ̀ lé e, bó bá sì pe ajẹ́ńtì, ohun tíyẹn yóò wí kò ju, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá, wọ́n ń ṣèpàdé lórí ẹ̀" lọ. Ìpàdé yẹn lè gba oṣù mẹ́ta.

Ọkùnrin kan tó ń ta sípíà-páàtì ní Ládìpọ̀, ní Múṣin, rí irú ẹ̀ lọ́dún 2023. Oṣù karùn-ún ló fowó lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan. Ibi tó ti ń retí èsì nìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà, tí dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 470 ní bánkì fi kọjá 700 kó tó di ìparí oṣù keje. Nígbà tí èsì máa jàjà dé, wọ́n ní iye tí àwọn pè tẹ́lẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Inú bí i gan-an, ó ní ọ̀dájú làwọn onílé yẹn.

Ìbínú ẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n àwọn wo gan-an là ń pè ní onílé? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti ọdún 1955 ni LEDB, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe nígbà náà, ti ń wó ilé ní erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn tó wà níbẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn bàbá ìgbà yẹn ti ń kú tán, púpọ̀ wọn ni kò sì ṣe wíìlì. Ọmọ kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn, kò fẹ́ẹ́ kúrò. Òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òru ló máa ń gbé fóònù. Ẹ̀kẹta ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ń bèèrè ìpín. Bí wọ́n bá sì gbà láti tà á, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ẹ́ pín owó? Ṣé ìdí-igi, kí ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ọgbọọgba, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀? Èkó ni ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì di Lọ́ńdọ̀nù kó tó parí lọ́dún 1962. Ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin ni olóògbé fi sílẹ̀. Ìdí-igi ló borí.

Ẹni tó bá fèsì kíákíá gan-an ló yẹ kí wọ́n sá fún. Àbúrò kan lè yọ́ wá, kó ní, "Ẹ má dá àwọn yẹn lóhùn, èmi ni mo ni ín, ẹ mówó wá lónìí." Ṣé lásán ni wọ́n ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri kiri Yábà àti Múṣin pé ilé yìí kì í ṣe títà ni? Látìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959 ni kóòtù ti sọ pé bí wọ́n bá ta ilé ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsọ fáwọn àgbà ìdí yòókù, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Owó ẹni tó rà á ńkọ́? Kó máa wá a kiri nìyẹn.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ajẹ́ńtì pé ta ni yóò fọwọ́ síwèé, kí wọ́n sì ní kí wọ́n mú lẹ́tà tí kóòtù fi fún wọn láṣẹ lórí ogún bàbá wọn wá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ẹ́ ra ilé máa ń kọ ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé sínú ìwé, ó sì lè má ju ọjọ́ méjì lọ. Lọ́yà lè kọ irú ẹ̀ níbí náà, àmọ́ kó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bọ́jọ́ bá pé tí kò sẹ́ni tó fọhùn, kó máa wo ilé míì lọ.

Bí wọ́n bá sì gbà, ó ṣì ku ìyọ̀ǹda gómìnà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí wọ́n gbà. Ìyẹn náà ní oṣù tiẹ̀.