Mo Dé Sheffield, Ìlú Ọ̀bẹ

Bí ẹ bá yẹ ara ọ̀bẹ àtijọ́ wò, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń gé ẹran, tàbí ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tí àwọn bàbá tí ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù de àlejò pàtàkì, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí orúkọ kan tí a tẹ̀ mọ́ irin náà lára: Sheffield. Èmi ti mọ orúkọ yìí kí n tó mọ̀ pé orúkọ ìlú ni. Nítorí náà, nígbà tí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé, mo ní bí n kò tilẹ̀ rí ibòmíràn, n ó rí Sheffield. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo bá dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni mo bá kúrò níbẹ̀. Òun náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

ÌLÚ ORÍ ÒKÈ MÉJE

Ibùdókọ̀ rélùwéè St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Sheffield, bíi wákàtí méjì sì ni ọkọ̀ fi ń sáré débẹ̀. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí ògiri irin dídán gbọọrọ kan níwájú ibùdókọ̀, tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, bí ẹni pé ìlú náà fẹ́ kí àlejò mọ iṣẹ́ òun kí ó tó béèrè. Wọ́n ní orí òkè méje ni a tẹ ìlú náà dó sí. Ẹni tí ó bá ti gun òkè Màpó n'Ìbàdàn rí kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀, àfi ti òtútù. Odò márùn-ún ni ó gba inú ìlú kọjá: Don, Sheaf, Rivelin, Loxley àti Porter. Ọ̀dọ̀ Sheaf ni ìlú ti gba orúkọ. Agbára omi àwọn odò wọ̀nyí ni wọ́n fi ń yí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ láyé àtijọ́. Ní 1624 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1913 sì ni Harry Brearley, ọmọ bíbí ìlú náà, ṣe irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí ó kún inú ilé ìdáná wa lónìí.

Mo dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Kelham Island, mo rí ẹ̀rọ gbàǹgbà kan tí wọ́n kọ́ ní 1905, tí ooru omi ń yí, tí ó ga ju ilé lọ. Mo rò pé mo ti rí ohun tí mo wá wò. Àṣé ó ku nǹkan kan.

ILÉ GOGORO LÓRÍ ÒKÈ

Ilé ẹ̀gbọ́n mi kan, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà, ni mo dé sí. Bí ènìyàn bá dúró lójú fèrèsé wọn, ilé gogoro kan ń bẹ lórí òkè lọ́hùn-ún tí ojú kò lè fò: Royal Hallamshire Hospital, ọsibítù tí wọ́n ṣí ní 1978. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nawọ́ sí i, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi gbogbo ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi òòfà kan ọpọlọ ènìyàn láìla orí?” Mo ní kí ó jókòó kí ó wí fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì yóò rántí ohun tí Michael Faraday fi hàn ní 1831: bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì yóò ṣàn nínú wáyà náà bí ohunkóhun kò tilẹ̀ kàn án. Ọpọlọ wa náà, iná kékeré-kékeré ni ó fi ń ránṣẹ́ káàkiri ara. Ní 1980, àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi iná gba awọ orí wọ inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó ń dun ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield gbé wáyà tí a ká róbótó sí òkè orí ènìyàn, wọ́n sì tú iná sínú rẹ̀ lójijì. Agbára òòfà tí ó jáde gba inú agbárí kọjá bí ẹni pé agbárí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ ẹni náà sì ta kìjí láìjẹ́ pé òun ni ó gbé e. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí oògùn oorun. Ní ìlú ọ̀bẹ ni a ti rí ọ̀nà àtikan ọpọlọ láìlo ọ̀bẹ!

Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ yìí ni transcranial magnetic stimulation, TMS ni wọ́n sì ń gé e kúrú sí. Àwọn dókítà wá rí i pé bí a bá ń tú òòfà náà léraléra sí ibì kan náà nínú ọpọlọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibẹ̀ lè yí ìṣe rẹ̀ padà. Ní 2008, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí a máa lò ó fún àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn dì mọ́lẹ̀ tí oògùn kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

ỌMỌ WA KAN NÍ SHEFFIELD

Ní ọjọ́ kẹta mi níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa jẹun alẹ́. Ọmọ Yorùbá ni, ó ti jáde ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sán, ó gbẹ bí ọwọ́ ẹni tí ń po sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bíríkìlà. Wákàtí kan ni ó fi pẹ́ dé. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi pé ilẹ̀kùn ilé òun ni òun ń padà lọ wò.

Ó ní, “Bọ̀dá Tíṣà, mo mọ̀ pé mo ti tì í. Ọwọ́ mi náà ni mo fi tì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé kọ́nà, ọkàn mi á ní, ‘Ṣé ó dá ẹ lójú?’ Bí mo bá ní ó dá mi lójú, á tún ní, ‘Ta ló sọ fún ẹ pé ó dá ẹ lójú?’ Bí mo bá sì padà wò ó, á ní ojú mi ló ń tàn mí jẹ.” Bí ó ti ń ṣe pẹ̀lú ilẹ̀kùn ni ó ń ṣe pẹ̀lú ọwọ́ fífọ̀. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó kúrò nídìí omi.

Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní obsessive-compulsive disorder, OCD ní gígé kúrú. Àwa lè pè é ní àìsàn àròtúnrò àti àṣetúnṣe. Nínú 100 ènìyàn, bíi 1 tàbí 2 ni ó máa ń bá jà nígbà ayé wọn, láìfi ti àwọ̀ ara ṣe. Kì í ṣe ìmọ́tótó àṣejù, kì í sì í ṣe wèrè. Ẹni tí ó ń ṣe sábà máa ń mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò mọ́gbọ́n wá, ìmọ̀ náà sì tún jẹ́ ìyà lọ́tọ̀.

Ọdún púpọ̀ ni ọmọ yìí fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ra nítorí ìtìjú. Ìyá rẹ̀ nílé sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì gba ààwẹ̀ fún un. Òun náà kò kẹ́gàn àdúrà, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó lọ bá dókítà. Ìtọ́jú méjì tí ó wà níwájú nínú àìsàn yìí ni wọ́n fún un. Èkíní ni èyí tí wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn láti fọwọ́ kan ohun tí ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì wẹ̀ ẹ́ dànù, títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni oògùn, irú èyí tí a ń fún àwọn oníbànújẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù. Wọ́n ràn án lọ́wọ́: wákàtí mẹ́fà tí ó ń lò nídìí omi lójúmọ́ di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹni tí ó ń fi wákàtí mẹ́ta fọ ọwọ́ síṣẹ́?

Nígbà náà ni ó béèrè ẹ̀rọ òòfà. Níbi tí ó ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n ní NHS, ètò ìlera tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, kì í fi ẹ̀rọ náà tọ́jú irú àìsàn tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó lọ bá àwọn aládàáni, níbi tí owó rẹ̀ ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ùn. Bẹ́ẹ̀ ni láti ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ni ó ti ń wo ilé gogoro náà lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní a kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ fọ ojú. Ọmọ yìí wà létí odò.

KÍ LÓ FÀ Á?

Inú bí mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí. N kì í fún ọmọ ní máàkì kí n tó wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ti tọ̀tún tòsì.

Ní oṣù August 2018, FDA, àjọ tí ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, gbà kí a máa lo irú TMS kan tí ó ń wọ jinlẹ̀ fún OCD. Ènìyàn 100 ni wọ́n fi dán an wò. Àwọn 49 gba ti gidi, àwọn 51 gba àfarawé tí kò dé inú ọpọlọ, kí a lè mọ̀ bóyá ìrètí lásán ni ó ń wo ènìyàn sàn. Ìgbà 29 láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ rán aláìsàn létí ohun tí ń bà á lẹ́rù kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kí ibi tí ń dààmú nínú ọpọlọ lè jí. Nínú àwọn tí ó gba ti gidi, 38 nínú 100 ni àìsàn wọn dín kù tó ìwọ̀n 30 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí ó gba àfarawé, 11 nínú 100 ni.

Ní 2020, NICE, àjọ tí ń gba àwọn ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, yẹ ọ̀rọ̀ kan náà wò. Wọ́n ní àwọn kò rí ewu ńlá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ fún OCD kò tíì tó. Nítorí náà, inú iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni kí a ti máa lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni àjọ yìí kan náà ti gbà á fún ìbànújẹ́ ọkàn láti 2015.

Ta ni ó jàre? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí 38 bá rí ìrànwọ́, 62 kò rí tó bẹ́ẹ̀, owó ìjọba sì ni owó gbogbo ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àṣẹ kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan lè san án kí òmíràn kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní Sheffield ni pé bí a bá ní inú ìwádìí nìkan ni kí aláìsàn ti rí ìtọ́jú, ó yẹ kí ìwádìí náà wà, kí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ sì ṣeé rí. Ẹni tí a bá ní kó dúró, tí a kò fi ibi tí yóò dúró sí hàn án, a ti lé e lọ nìyẹn.

Ọ̀nà kejì tilẹ̀ wà, èyí tí ó wúwo jù. Ní 1987, ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, Alim-Louis Benabid bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ àwọn tí ara wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń fi bátìrì sábẹ́ awọ àyà láti máa fún un níná. Ní 1999, Bart Nuttin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ròyìn pé àwọn ti lò ó fún OCD. Iṣẹ́ abẹ gidi ni, àwọn tí gbogbo ìtọ́jú yòókù ti kùnà fún ni a sì ń ṣe é fún. Amẹ́ríkà fún un ní àṣẹ àkànṣe ní 2009. Nílẹ̀ Hólàǹdì, inṣọ́ránsì ìlera ti ń san owó rẹ̀ láti 2013. Ṣùgbọ́n ní 2021, NICE tún ní inú ìwádìí nìkan ni kí ó wà. Òkun tóóró kan ni ó wà láàárín Hólàǹdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn kan náà ni, ọpọlọ kan náà ni, ṣùgbọ́n etíkun tí ènìyàn bá wà ni yóò sọ bóyá yóò rí ilẹ̀kùn tàbí ògiri.

Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo ń sọ. Nínú àwọn tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹnì kan wà tí ó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá lóru lọ wo kọ́kọ́rọ́, tàbí tí èrò burúkú ń wá sí lọ́kàn nínú àdúrà, tí ó sì ń tún àdúrà náà gbà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, àìsàn rẹ ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Má sáré wá ẹ̀rọ òòfà lákọ̀ọ́kọ́. Ìtọ́jú méjì tí mo dárúkọ lókè ni ìpìlẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ń ràn lọ́wọ́. Lọ sí ọsibítù tí ó ní dókítà ọpọlọ. Ní Arò l'Ábẹ́òkúta ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Òfin ti yí padà pẹ̀lú: òfin ọdún 1916 tí ó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè ti kógbá wọlé, Ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù January 2023.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ẹ̀rọ òòfà lọ̀ ọ́, kọ́kọ́ béèrè bóyá dókítà ni. Sọ fún un bí irin bá wà nínú orí rẹ tàbí bí gìrì bá ti mú ọ rí, nítorí ẹ̀rọ náà lè fa orí fífọ́, ó sì lè fa gìrì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ pé ọkàn òun kò jẹ́ kí òun sinmi, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìlú Sheffield lè máa bá ìjọba rẹ̀ jiyàn lórí ẹni tí yóò san owó ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, èyí tí í ṣe pé kí a gba aláìsàn gbọ́, ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.