Wíwá Olùkọ́ fún Ọmọ Tí Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìjọba

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ní ojú ẹni tí kò ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí í gba oorun lójú ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ti wíwá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọmọ ní àkọ́kún, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí yóò fi ìmọ̀ fún ọmọ wa: ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo irú èyí tí òun pàápàá ní.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ní ìgbà kan rí, ọmọ tí ó bá parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ń fẹ́ lọ sí yunifásítì, a máa lo ọdún méjì sí i kí ó tó ṣe ìdánwò HSC. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé, kíláàsì náà kógbá sílé. Láti ọdún 2014 ni ìdánwò JUPEB, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yunifásítì Èkó, ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn: ọmọ a lo ọdún kan lórí ẹ̀kọ́ mẹ́ta, bí ó bá sì yege dáadáa, ó lè wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà ni Ẹ̀kọ́ Ìjọba, tí àwọn ọmọ ń pè ní Gọ́fúmẹ́ǹtì. Kì í ṣe orúkọ àwọn olórí nìkan ni à ń há sórí níbẹ̀. Ọmọ ní láti mọ bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ti ń rìn, kí ó sì lè fi wọ́n wé tiwa. Nítorí ní ọdún 1979 ni Nàìjíríà fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí ó sì mú ìlànà ààrẹ bí ti Amẹ́ríkà.

Àbúrò wa obìnrin, opó tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ní ọmọbìnrin kan tí ó wà nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2025. Oṣù mẹ́ta péré ni ó kù kí wọ́n ṣe ìdánwò nígbà tí olùkọ́ Ìjọba wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba òkè òkun lọ, a kò sì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Owó àjọ ni ìyá náà fi san owó ilé ẹ̀kọ́. Bí ọmọ náà bá fìdí rẹmi, kò sí òmíràn nílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì wà lẹ́yìn tí ó ń retí àsìkò tirẹ̀. Ó tọ̀ wá wá ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni ẹ kàwé nínú ilé wa. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ yìí, kí owó mi má ṣe wọ omi." Iṣẹ́ àwa kò ju ìwé kíkọ ní ọ́fíìsì lọ, Ẹ̀kọ́ Ìjọba tí ó ga tó èyí sì ju agbára wa. Nítorí náà ni àwa àti ọmọ náà ṣe dìde, tí a ń wá olùkọ́ kiri ìlú.

Ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ bí ogójì jókòó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú wọn, ó ń ka ìwé pẹlẹbẹ kan, àwọn náà sì ń kọ ohun tí ó ń kà. Nígbà tí ó sinmi, a bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi pín agbára ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta?" Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ka ìdí márùn-ún fún wa láì gbé ojú sókè. A bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ohun kan tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níhìn-ín ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní èyíinì kò sí nínú ìwé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka ìwé sí ni létí kò ṣe ju ohun tí ìwé ti ṣe lọ, ọmọ wa sì mọ ìwé kà fúnra rẹ̀.

Ẹnì kejì tí wọ́n júwe fún wa ní ẹnu dídùn. Kò béèrè ohun tí ọmọ náà mọ̀, kò sì béèrè ohun tí kò mọ̀. Ó fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu. Bí a bá lè san iye kan, ìdáhùn yóò bá ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ ènìyàn létí. A wo ojú ọmọ náà, ilẹ̀ ni ó ń wò. A rántí owó àjọ ìyá rẹ̀, a sì rántí pé oṣù mẹ́ta kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n òfin wà lórí èrú ìdánwò ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1999, ó sì lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Yàtọ̀ sí ti òfin, ọmọ tí ó fi èrú yege nínú Ẹ̀kọ́ Ìjọba, irú ìjọba wo ni yóò ṣe lọ́la? A kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀.

Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá kan tí ń ta irú àti iyọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àbúrò wa ni ó ràn wá lọ́wọ́. Ó ní bàbá kan wà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí í máa wá ra irú ní ọ̀dọ̀ òun, tí kì í sì í lọ láì bá àwọn tí ń ta ìwé ìròhìn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ òfin. A wá a dé ilé. Kí a tó la ẹnu, òun ni ó bi wá pé, "Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ náà ń kọ́?" Ó gbà á, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi mẹ́rin tí ọmọ náà sọ pé wọn kò tíì kọ́ wọn dé. Lẹ́yìn èyí ni ó mú ìwé kan lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo wa padà sí ọjà.

Ọjà Ọba wà níwájú ààfin Déjì. Bàbá náà dúró láàrin àwọn àtẹ, ó bi ọmọ náà pé, "Ta ni ó ní àṣẹ níhìn-ín?" Ó dáhùn pé, "Kábíyèsí ni, sà." "Ta tún ni?" "Ìyálọ́jà." "Ta tún ni?" Ọmọ náà wo ọkùnrin kan tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọlọ́jà, ó ní, "Ìjọba ìbílẹ̀." Bàbá náà ní, "O ṣeun. Èwo nínú àṣẹ wọ̀nyí ni a jogún, èwo ni a dìbò fún, èwo ni a kọ sínú ìwé?" Ọmọ náà dákẹ́. Bàbá náà kò bá a wí.

Ìwé tí ó mú lọ́wọ́ ni Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999. Ó ṣí i sí àfikún kẹrin tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a gbé kọ ọ́ pé dídá ọjà sílẹ̀, títún un ṣe, àti ṣíṣe àbójútó rẹ̀, pẹ̀lú ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran, wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fi hàn án pé ìwé náà ka ìjọba ìbílẹ̀ 768, àti ìgbìmọ̀ agbègbè 6 ti Àbújá. Pé 18 nínú wọn ni ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àti pé Gúúsù Àkúrẹ́, tí ọjà yìí wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó sọ fún un pé ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe dì í mú. "Nísinsin yìí," ni ó wí, "lọ wá ohun tí Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà sọ nípa irú ìjọba bẹ́ẹ̀, kí o sì padà wá sọ fún mi."

Ọmọ náà wá a fún ọjọ́ méjì. Ó padà wá pẹ̀lú ìtìjú, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìdáhùn náà nìyẹn." Òfin tí wọ́n kọ ní Philadelphia ní ọdún 1787 kò dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ rárá. Àtúnṣe kẹwàá, ti ọdún 1791, sọ pé agbára tí a kò bá fún ìjọba àpapọ̀, tí a kò sì fi du àwọn ìpínlẹ̀, ti àwọn ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn ènìyàn ni. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń ṣètò ìjọba ìlú àti ti agbègbè tirẹ̀. Tiwa ni a kọ orúkọ wọn sínú òfin. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yìí kò há ìyàtọ̀ náà sórí mọ́. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó kọ́ ọ ní ti ilé ẹjọ́. Ó mú ẹjọ́ Marbury àti Madison ti ọdún 1803, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ti sọ pé òfin tí ó bá tako Òfin Ìpìlẹ̀ kì í ṣe òfin; ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2009, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Benin dájọ́ pé Olusegun Mimiko ni ó wọlé nínú ìdìbò gómìnà ti ọdún 2007, tí Olusegun Agagu sì kúrò lórí àga ní Àkúrẹ́. Ó ní wọn kì í ṣe ohun kan náà: nínú èkíní, ilé ẹjọ́ ń wọn òfin; nínú èkejì, ó ń wọn ìdìbò; ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, alágbára tẹrí ba fún ohun tí a kọ sílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni ọmọ wa ní ọdún náà. Ìyá rẹ̀ ni ó rántí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ìròhìn náà ti dé inú ọjà.

Òfin kan ni bàbá náà ṣe fún un: ohunkóhun tí ó bá kọ́, kí ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní èdè ilé wọn, níbi àtẹ èlùbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń sọ ti òfin Clifford ti ọdún 1922, tí ó kọ́kọ́ fi àyè gba ìdìbò ní ilẹ̀ yìí. Àga mẹ́rin péré ni wọ́n dìbò fún, mẹ́ta ní Èkó, ọ̀kan ní Kàlàbá. Ọkùnrin tí owó rẹ̀ lọ́dún bá tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nìkan ni ó sì lè dìbò. Ìyá rẹ̀ béèrè pé, "Irú èmi ń kọ́?" Ó ní, "Ìyá mi, wọn kò kà yín mọ́ ọn." Obìnrin náà wọn kóńgò èlùbọ́ kan fún oníbàárà, ó gba owó, ó sì wí pé, "Wọ́n kà mí mọ́ ọn nísinsin yìí. Ẹni tí ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní òwúrọ̀ yìí, mo ní ẹnu láti bi í ibi tí owó náà ń lọ." Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin tí kò ka ìwé ju ìwé kẹrin lọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. A kò mọ ìdánwò mìíràn tí a tún lè fi dán olùkọ́ wò.

Ọmọ náà wọ gbọ̀ngàn, ó jókòó, ó kọ ìdánwò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ju ìwé sí i láti ojú fèrèsé. Nígbà tí èsì dé, ó yege. Kì í ṣe òun ni ó ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà jẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ òbí tí irú èyí wà ní iwájú rẹ, gbọ́ ìmọ̀ràn wa. Èkíní, mú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń wá olùkọ́. Ẹni tí kò bá béèrè rẹ̀, fi í sílẹ̀. Èkejì, jẹ́ kí ó kọ́ ọmọ ní ohun kan ní ojú rẹ kí ẹ tó dá owó. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kọ́ náà wà ní gbangba, ní ibi tí ojú ará ilé tó. Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ iye owó àti ọjọ́ tí yóò máa wá, kí o sì san án ní ọjọ́ tí o dá. Nítorí ẹni tí ó jẹ olùkọ́ ní gbèsè ń jẹ ọmọ ara rẹ̀ ní gbèsè. Ẹ̀karùn-ún, má ṣe fojú fo àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní Àkúrẹ́. Wọ́n sì wà ní Oǹdó pẹ̀lú, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 1964. Wọ́n jókòó ní ilé pẹ̀lú ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n mọ ẹni tí ń ra irú àti ohun tí ó ń sọ bí ó ti ń rà á.

Kí olúkúlùkù ọmọ rí olùkọ́ tirẹ̀. Ire o.