Owó Tí Mo Rò Pé Wọ́n Ti Gbàgbé

₦3,200 ni gbèsè náà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, nítorí ọmọ-ọmọ Òṣómàáló ni mí.

Ẹ̀bá ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà ni ilé bàbá àgbà wà. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri, títí dé ìlú tí wọn kì í ti í ṣe Ìjẹ̀ṣà rárá. Bí ọjọ́ owó bá pé tí oníbàárà kò san, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: “Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.” Ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá. Mo rí ìwé pélébé tí wọ́n ń lò. Ìlà pẹ́ńsù kan ni fún ìgbàkígbà tí èèyàn bá san. Ẹni tí ìlà tirẹ̀ bá dúró lójijì, wọn kì í tún tú aṣọ fún un mọ́.

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì Àbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kọ́kọ́ yá mi lówó. Onídùúró méjì fọwọ́ sí i fún mi, wọ́n sì ń yọ ọ́ lára owó oṣù kí n tó fojú kàn án. Nígbà tó tán, mo ń pe ara mi ní ẹni tó mọ gbèsè í san. Irọ́ ni. Ẹni tó ń yọ ọ́ ló ń san án.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìfowópamọ́ kan yá mi ní ₦40,000 lórí fóònù. Kò sí onídùúró, kò sí fọ́ọ̀mù. Mo fi ra fíríìjì. Nígbà tó ku oṣù kan kí n san tán, mo gbé owó oṣù mi lọ sí báńkì mìíràn, síìmù mi sì sọnù. Mo mọ̀ pé ó ku ₦3,200. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á wá mi. Ọdún mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo gbà pé wọ́n ti fi jì mí.

Ilẹ̀ kan wá jáde lọ́nà Ẹdẹ, ibi tí mo ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ibiṣẹ́. Mo san ₦150,000 sílẹ̀, mo sì lọ béèrè pé kí báńkì tuntun yá mi ní ìyókù. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó wá rọra yí i sí mi.

“Ẹ má bínú mà. Ṣé gbèsè yín nìyí?”

Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi. Èlé ti sọ ₦3,200 di ₦9,870.

Àṣé láti ọdún 2014 tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, ti dé, nọ́ńbà onídíjíìtì 11 yẹn ń tẹ̀lé èèyàn láti báńkì dé báńkì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́, bíi CRC àti FirstCentral, ni báńkì ń wádìí lọ́wọ́ wọn kí ó tó yáni lówó, òfin ọdún 2017 sì fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tèmi. N kò béèrè rẹ̀ rí.

Mo san án lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ mi, wọ́n sì ti ta ilẹ̀ náà kó tó di pé wọ́n parí. ₦100,000 ni bàbá onílẹ̀ dá padà fún mi. Pé mo pẹ́ kí n tó san ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ náà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àánú wà nínú ìlóṣòó bàbá àgbà. Onígbèsè á rí wọn, ará àdúgbò á rí wọn, ara á ta á, á wá owó náà rí. Èmi ń gun ọ̀kadà lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ẹni tó dógò tì mí kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti tún yá ₦20,000, owó tí n kò fi ṣe ohunkóhun, kí orúkọ mi lè ní ẹ̀rí rere díẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù ni wọ́n ní kí n máa san; ọjọ́ 22 ni mo ń san. Mo ra ìwé pélébé kan, mo ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí.