Gìtá Àtijọ́ Tí Mo Rà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ọjọ́ orí jẹ́ ohun kan tí owó kò lè rà ní òòjọ́. Lóde òní, ohun titun ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá. Bí wọ́n bá ra fóònù ní ọdún yìí, ọkàn wọn yóò ti máa fà sí òmíràn kí ọdún tó yípo. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ti ń pẹ́ sí i ni iyì wọn ń pọ̀ sí i, bí a bá tọ́jú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun èlò orin tí a fi igi ṣe. Èyí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn mo ra gìtá kan tí ó dàgbà jù mí lọ dáadáa.

Gìtá yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń rí ní ọwọ́ àwọn akọrin ní ilé ìjọsìn. Tiwọn a máa ní àyà pẹrẹsẹ àti ihò róbótó kan ní àárín. Ṣùgbọ́n àyà ti èyí wú díẹ̀ ní àárín bí ẹ̀yìn igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Dípò ihò róbótó, ihò méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà ní àyà rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, èkejì ní òsì, tí wọ́n rí bí lẹ́tà f tí a fi ọwọ́ kọ. Ẹni tí ó bá ti rí fáyólìnì rí yóò mọ̀ pé láti ara rẹ̀ ni a ti mú àwòṣe yìí.

Orville Gibson, tí ó ń gbé ní ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ àyà gìtá ní ọ̀nà yìí ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1902 ni a dá ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1922, ní àkókò tí Lloyd Loar wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbé gìtá oníhò f tí a ń pè ní L-5 jáde. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, fèrè onídẹ, ìlù àti dùùrù ni ó kún inú ẹgbẹ́ olórin jáàsì, kò sì tíì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè. Bí a bá ta gìtá lásán láàárín wọn, ariwo yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn gìtá aláyà wíwú yìí a máa jáde kíkankíkan, a sì tètè dákẹ́, bí ohùn ìlù.

Iṣẹ́ omele ni gìtá ń ṣe nígbà náà. Ẹ wo Freddie Green, tí ó wọ ẹgbẹ́ Count Basie ní 1937, tí ó sì jẹ́ onígìtá ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 1987. Ó ń ta okùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìwọ̀n orin kọ̀ọ̀kan, láìyára jù, láìfà jù. Ẹni tí ń jó lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Charlie Christian, tí ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Benny Goodman ní 1939, ni ó fi ẹ̀rọ agbóhùn oníná mànàmáná sọ gìtá di ìyáàlù tí ń sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni nígbà tí ó kú ní 1942.

Àwọn ará Jámánì náà kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Karl Höfner dá iṣẹ́ ohun èlò orin sílẹ̀ ní ìlú Schönbach ní 1887. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí a lé àwọn ará Jámánì kúrò ní agbègbè náà, ìdílé rẹ̀ pàdánù ilé àti ibi iṣẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù Jámánì, wọ́n sì padà fìdí iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní ìlú Bubenreuth. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Selmer ní Lọ́ńdọ̀nù ń ta gìtá wọn káàkiri. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni tèmi. Ní àkókò yẹn gan-an ni orin háíláìfù ń gbilẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Bobby Benson, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe orin jáàsì kí ó tó yí sí háíláìfù, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé gìtá oníná dé orí ìtàgé ní Èkó. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè fi ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ gìtá tí ó fi ń kọ orin jùjú. Báyìí ni gìtá ṣe di ọmọ ilé láàárín wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń fun fèrè ni ó sọ fún mi pé bàbá àgbàlagbà kan wà ní Abẹ́òkúta tí ó fẹ́ ta gìtá rẹ̀. Bàbá yìí ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní 1963 ni ó rà á ní Èkó, ó sì fi jẹun ní ilé ijó fún nǹkan bí ogún ọdún. Nísinsìnyí làkúrègbé ti mú ìka rẹ̀, kò sì lè tẹ okùn mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò mẹ́nu ba owó. Ó ṣí àpótí gìtá náà, ó ní, “Tíṣà, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.”

Mo gbé orí rẹ̀ sí ojú mi bí ọdẹ tí ń wo ojú ìbọn, mo wo ọrùn rẹ̀ títí dé ìdí láti mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀. Ó tọ́. Mo fi ìka kan àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, bí obìnrin tí ń kan ìkòkò wò ní ọjà kí ó tó sanwó, nítorí pé igi tí gúlù rẹ̀ ti tú kì í lè fi ara pamọ́ fún etí. Mo tan iná sí inú ihò rẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́; n kò rí ihò kòkòrò kankan. Lẹ́yìn èyí, mo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ gbogbo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ọrùn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ibi méjì, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí pé irin ibẹ̀ ti jẹ. Ọ̀dà ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti pá níbi tí ọwọ́ bàbá ti rìn fún ọdún púpọ̀. Àbàwọ́n ni ẹlòmíràn yóò pe èyí. Lójú tèmi, ìwé ẹ̀rí ni.

Bàbá ní kí n ta á kí òun gbọ́. Mo ta orin háíláìfù kan tí ó rọrùn. Ó di ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó sọ fún mi pé olówó kan ti ránṣẹ́ wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, pé òun fẹ́ gbé gìtá náà kọ́ ara ògiri hòtẹ́ẹ̀lì òun. Iye tí ẹni náà fẹ́ san fi ìlọ́po méjì ju èyí tí ó wà ní àpò mi lọ. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Owó oṣù mẹ́rin ni mo mú lọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni èmi àti ìyàwó mi sì fi tu ú jọ. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Gìtá tí a gbé kọ́ ara ògiri ti kú. Ọmọ mi, mú owó tí o mú wá. Ṣùgbọ́n ṣèlérí fún mi pé o kò ní jẹ́ kí ó yadi.” Mo ṣèlérí.

Rírà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Igi kékeré kan wà ní àyà gìtá náà tí ó gbé okùn sókè. Bírìjì ni àwọn onígìtá ń pè é. Ní ara gìtá aláyà pẹrẹsẹ, gúlù ni a fi lẹ̀ ẹ́. Ní ara tèmi, bí okùn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìkan ni ó dì í mú. Nítorí náà n kì í tú gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń pààrọ̀ wọn, kí bírìjì má baà yẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, mo máa ń fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ ní orí irin kejìlá, tí ó jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀, kí n sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin náà. Bí ohùn méjèèjì bá bára mu, bírìjì ti wà ní àyè rẹ̀. Ọyẹ́ náà ní ìyọnu tirẹ̀. A máa fa omi inú igi gbẹ, ọrùn gìtá a tẹ̀, gúlù a sì tú. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi kànrìnkàn tútù tí mo ti fún omi rẹ̀ dànù sínú ike ọṣẹ tí mo dá ihò sí lára, kí n sì fi í sínú àpótí gìtá náà. N kì í fi í sílẹ̀ nínú oòrùn tàbí nínú ọkọ̀ tí ó gbóná.

Adùn rẹ̀ pọ̀ ju ìyọnu rẹ̀ lọ. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, tí àdúgbò dákẹ́, tèmi kò nílò iná kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú jù, mo máa ń fi àtàǹpàkò ta okùn dípò ike kékeré, kí ohùn rẹ̀ lè rọ̀. Ọ̀nà yìí ni Wes Montgomery, ará Indianapolis tí ó kú ní 1968, fi di olókìkí. Wọ́n ní kí ó má baà dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ oorun ni ó fi kọ́ ọ. Ní ọjọọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ń fi gìtá yìí kọ́ṣẹ́. Okùn rẹ̀ le, ìka wọn sì kọ́kọ́ wú. Ní ọdún tí ó kọjá mo kó wọn lọ bá bàbá. Ọmọbìnrin kan ta á, bàbá sì gbé ọwọ́ tí kò lè ká dáadáa mọ́ sókè, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, má sáré, ẹni tí ń jó ni kí o dúró dè.” Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Igi tí ikán ti jẹ, ọjọ́ orí kò lè sọ ọ́ di iyebíye. Ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi etí gbọ́ ọ, ẹ fi sùúrù tu owó jọ. Ṣùgbọ́n bí ohun rere bá ti ọwọ́ àgbà bọ́ sí ọwọ́ yín, ìbáà ṣe gìtá, ìbáà ṣe ìlù, ìbáà ṣe èdè tí a fi kọ ìwé yìí, ẹ má ṣe gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹ máa lò ó, kí ó má baà yadi.