Ṣé Báyìí l'Ènìyàn Ṣe Ń Rí?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi ọkùnrin gbé àwòrán tó yà wọlé. Ènìyàn kan ni. Orí rẹ̀ tóbi bí agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, ẹja kún inú ikùn rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọnà l'òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, pé àwọn ayàwòrán Òṣogbo l'òun ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Inú bí mi kọjá sísọ. Mo ní, "Ṣé báyìí l'ènìyàn ṣe ń rí? Iṣẹ́ wèrè ni kí n máa náwó lé?"

Ọmọ náà kò gbó mi lẹ́nu. Ó wọ yàrá, ó gbé ère ìbejì tí màmá mi fi sílẹ̀ jáde. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ wo orí ère yìí, ṣé ó bá ara rẹ̀ mu? Kí ló dé tí ẹ kò pe ẹni tó gbẹ́ ẹ ní wèrè?"

Mo dákẹ́. Àbí ta ni kò mọ̀ pé nítorí ipò orí l'ójú àwọn baba wa ni agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ẹ tóbi?

Ni àwa méjèèjì bá wọkọ̀, ó di Òṣogbo. Ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mbárí Mbáyọ̀, ìyẹn ni pé, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven kó tó di ayàwòrán. Ẹni tó ń bójú tó iná orí ìtàgé Ládípọ̀ ni Jimoh Buraimoh. Òun ló ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó mọ́ adé ọba. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, sìmẹ́ńtì ló fi ń dárà.

Nígbà tí a dé igbó Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ náà wá yé mi dáadáa. Nígbà kan, wọ́n ń gé igi ibẹ̀, àwọn kan ń wá ilẹ̀ rẹ̀ rà. Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní, Àkànjí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ère dìde, ère sì di olùṣọ́ igbó. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Síbẹ̀, n kò gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo bi ọmọ mi pé, "Ṣebí òyìnbó l'ó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra àwòrán wọn nígbà náà? Ṣé ohun tó wà l'ọ́kàn wọn ni wọ́n ń yà ni, àbí ohun tí olówó fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìbéèrè tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn."

Mo ti san owó fọ́ọ̀mù. Àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ mi. Ẹja inú rẹ̀ kò tíì wù mí, ṣùgbọ́n n kì í bi àlejò mọ́ bóyá ó jọ ènìyàn. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé: ta ló yà á, ta ló yà á fún, kí ló sì ń sọ nípa wa? Mo ti rí i. Ayọ̀ náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.