Òtútù Ṣìkágò, Omi Awoye

Àwa ará Awoye mọ ọyẹ́. Bí ọdún bá ń parí lọ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a dé etíkun Ìlàjẹ, eruku a bo ojú òkun, ètè a là, àwọn àgbà a sì sún mọ́ iná tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti yọ, kálukú a ká aṣọ ìbora rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ní Ṣìkágò ní oṣù Kìíní ọdún 2019 kì í ṣe ọyẹ́.

Òtútù tó máa ń yí po lókè àríwá ayé ló já kúrò ní ibùdó rẹ̀, tó ya wọ àárín Amẹ́ríkà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù náà, ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, ó sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 31 lábẹ́ òdo. Bí ìka bá wà níta, á kọ́kọ́ máa ta ọ́. Ìgbà tí kò bá ta mọ́ ni kí ẹ̀rù bà ọ́. Lóru, mo jẹ́ kí omi máa kán lẹ́nu ẹ̀rọ kó má baà dì kó bẹ́ páìpù. Lójú irin Metra, iná ni wọ́n ń dá sí ẹ̀gbẹ́ irin, nítorí òtútù ń mú kí irin súnkì.

Adágún Michigan ló yà mí lẹ́nu jù. Orí omi ni wọ́n bí mi sí: ilé wa wà lórí òpó, ọkọ̀ la fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ náà la fi ń gbé aláìsàn. N kò rò ó rí pé omi tí èèyàn kò lè rí òdìkejì rẹ̀ lè le koránkorán báyẹn. Síbẹ̀ ẹja ń bẹ láàyè nísàlẹ̀. Yìnyín fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló ń wà. Omi tó wúwo jù, tí kò tutù tó o, ló ń rì sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ń gbé. Àwọn apẹja ibẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sínú yìnyín tó bá ti nípọn, wọn a ju ìwọ̀ sí i. Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ta ló kọ́kọ́ láyà láti gbẹ́sẹ̀ lé e?"

Òtútù yẹn pa èèyàn ní àárín Amẹ́ríkà, n kò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ti kìlọ̀ fún wa ṣáájú, wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ṣí ilé ìkàwé fún ẹni tí kò níbi tí yóò ti yáná, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀sì gbígbóná síta. Ọkàn mi lọ sílé. Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń kìlọ̀ ní Awoye. Omi iyọ̀ gba ojú odò tí àwọn tó ń wa epo là wọlé, ó pa igi, ó ba omi mímu jẹ́. Ìdílé tó bá kọ́lé lónìí ń wo ibi tí yóò sún un sí lọ́la. Ní Ayétòrò tí kò jìnnà sí wa, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, a sì ń gbọ́ ìlérí ìdènà òkun láti ọdún yìí dé ọdún yẹn. Kí ló dé tí wọn kò lè ṣe fún Awoye irú ohun tí wọ́n ṣe fún Ṣìkágò nítorí òtútù ọjọ́ díẹ̀?

Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lóṣù náà, owó pákó àti òpó ni, kí wọ́n lè tún sún ilé sẹ́yìn.